Ẹ̀jẹ̀ Tí Bàbá Mi Pè Ní Jẹ̀díjẹ̀dí

Gbólóhùn kan wà tí mo kà lóru ọjọ́ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Ó ní àwọn tó ní àrùn Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ara máa gbọ̀n kí ó sì máa le, kì í sábà ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ó ti pé ọdún 8 tí bàbá mi ti ń bá àrùn náà yí. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, mo tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ṣe mí bí ìgbà tí iná jó oko tán, tí èèyàn wá fi ọwọ́ tú ebè, tó bá iṣu kan tí iná ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tíṣà ni bàbá mi. Ìkọ̀wé wọn ni àrùn yìí kọ́kọ́ mú: lẹ́tà wọn ń kéré sí i lójoojúmọ́, títí ìwé tí wọ́n bá kọ fi dà bí ipa ẹsẹ̀ èèrà. Lẹ́yìn náà ló mú ohùn wọn. Mo wá rò pé, ó kéré tán, ohun kan wà tí àrùn yìí ò ní mú.

Mo fi gbólóhùn yẹn pamọ́ bí ẹni fi owó pamọ́ sí ìṣẹ́tí ìró. N kò mọ̀ pé ibi tí kò yẹ ni mo máa ná an sí.

Kí ìyá mi tó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀

Sátidé ni. Mo ti Ìbàdàn lọ kí wọn ní Òṣogbo. Bàbá mi wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí mo dé, ìyẹn ò sì jọ mí lójú. Láti kékeré wa la ti mọ̀ pé bí bàbá wa bá wọ ibẹ̀, wọn ò ní tètè jáde. Àrùn yìí ló wá sọ ogún ìṣẹ́jú di wákàtí kan. Ìyá mi ti gbé àga oníke kan sẹ́nu ilẹ̀kùn, kí ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ lè gbọ́ bí bàbá bá pè, torí ohùn wọn ò lè dé pálọ̀ mọ́.

Mo bá ìyá mi ní kíṣìnì, wọ́n ń rẹ́ ilá. Wọn ò wo ojú mi nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

"Àdùkẹ́, mo ń rí ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀jẹ̀ níbo, Màmá?"

"Nínú aṣọ bàbá yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà tí mò ń fi sí ògì wọn ló fà á. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ̀yin ọmọ."

Ìgò àgbo jẹ̀dí méjì wà lójú fèrèsé. Ọ̀kan ti tán, ìkejì ti dé ìdajì.

Ibí yìí ni mo ti ná owó mi. Mo fọwọ́ kan ìyá mi léjìká, mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo kà á pé àwọn tó ní irú àìsàn Dádì kì í sábà ní jẹjẹrẹ ìfun." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú. Ohun tó ń dùn mí títí di òní ni pé mo sọ ọ́ kí n má baà ní láti ṣe nǹkan kan. Bí gbólóhùn yẹn bá jẹ́ òótọ́, a ò ní wá ọkọ̀, a ò ní fi bàbá mi sórí ìlà láti aago mẹ́fà àárọ̀, a ò ní bá wọn sọ ọ̀rọ̀ ìdí wọn.

Ìyá mi rẹ́ ilá méjì sí i. Wọ́n wá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Wọ́n ní kì í sábà. Ṣé wọ́n ní kì í ní in rárá?"

N kò fèsì.

"Mo ti ta àdìrẹ ní ìlú yìí fún ọgbọ̀n ọdún. Aṣọ tí kì í sábà ṣí kì í ṣe aṣọ tí kì í ṣí. Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣí mọ́ lára, kò ní bi mí léèrè iye tí kò ṣí."

Wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn. Mo jókòó sórí àpótí, ẹnu mi wọhò. Ìyá mi ò ka ìwé kọjá módà, àmọ́ wọ́n ti gbọ́ ohun tí èmi ò gbọ́ nínú gbólóhùn tí mo ti ń gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìwọ̀n "kì í sábà"

Mo padà lọ kà á dáadáa, lọ́tẹ̀ yìí bí ẹni tó ń wá ohun tó lè já òun níyàn. Òótọ́ ni pé nígbà tí àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, tó jẹ́ pé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, wọ́n rí i pé ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín lára àwọn tó ní Parkinson. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é: bí ó bá jẹ́ pé èèyàn 5 nínú 100 ló máa ní in, yóò di 4. Èmi tí mo kà á lóru ọjọ́ yẹn, mo ti sọ 4 di òdo lọ́kàn mi.

Ìwádìí kò sì fohùn ṣọ̀kan. Ní Denmark, níbi tí ìjọba ti ń kọ orúkọ gbogbo alárùn sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n wo àwọn tó ní Parkinson tó lé ní 20,000. Bí a bá da gbogbo jẹjẹrẹ pọ̀, tiwọn kéré sí ti àwọn yòókù, ṣùgbọ́n melanoma, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan, wà lára èyí tó pọ̀ sí i lára wọn. Ní Taiwan, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2015 wo àwọn tó lé ní 62,000, ó sì sọ òdì kejì: púpọ̀ nínú jẹjẹrẹ ló pọ̀ sí i lára wọn, ti ọ̀nà oúnjẹ sì wà níbẹ̀.

Kí ló lè fa irú èyí? Sìgá wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ pé Parkinson kì í pọ̀ lára àwọn tó ń mu sìgá. Sìgá kan náà wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Nítorí náà, bí a bá kó àwọn alárùn Parkinson jọ, a ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò mu sìgá jọ, ewu tiwọn sì ti kéré kí àìsàn tó dé. Bàbá mi ò fi sìgá kan ẹnu rí. Bí ẹ̀bùn kan bá wà níbẹ̀, kì í ṣe Parkinson ló fún wọn.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ tún lè bá nǹkan mìíràn lọ kí jẹjẹrẹ tó fara hàn. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé jẹjẹrẹ tí ẹnikẹ́ni ò wá, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ta ló máa ní kí wọ́n fi kámẹ́rà wo ìdí ẹni ọdún 74 tí kò lè dá dìde lórí àga? Ó ṣeé ṣe kí "kì í sábà ní" jẹ́ "a kì í sábà wò" lápá kan.

Nǹkan kan tún wà. Àwọn tí wọ́n kà wọ̀nyí kì í ṣe ará ilé wa. Lọ́dún 2023 ni ìwádìí kan jáde tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà sì fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún. Wọ́n rí ìyípadà kan nínú GBA1, ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí èèyàn ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tó ń mú kí ewu Parkinson pọ̀ sí i, tó sì wọ́pọ̀ lára àwọn tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà. Kò sẹ́ni tó rí i tẹ́lẹ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń wo àwọn òyìnbó nìkan. Bí gbòǹgbò àrùn lè yàtọ̀ báyìí, mi ò lè gbé ìṣirò Denmark wọ bàbá mi lọ́rùn bí agbádá àyálò.

Inú ni a ti ń wí

Èdè wa ò ya inú àti èrò sọ́tọ̀. Inú mi dùn, inú bí mi, inú fu mí, onínúure. Mo ti ń sọ wọ́n látìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀, n kò sì rò ó rí pé ìfun wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àfi ìgbà tí mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ ọpọlọ ń kọ nípa Parkinson.

Nígbà tí dókítà James Parkinson kọ̀wé nípa èèyàn 6 tí ara wọn ń gbọ̀n ní London lọ́dún 1817, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìfun wọn ti ń lọ́ra. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fi ọwọ́ tó nípọn mú un. Lọ́dún 2001, ìwádìí kan jáde láti Honolulu, ní Hawaii, níbi tí wọ́n ti tọpa àwọn ọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 7,000 fún ogún ọdún ó lé. Àwọn tí wọn kì í yàgbẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ní Parkinson ju ìlọ́po méjì ààbọ̀ àwọn tó ń yà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 2003, Heiko Braak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì sọ pé ó ṣeé ṣe kí àrùn náà bẹ̀rẹ̀ láti inú ìfun, kí ó gba ojú iṣan vagus gòkè lọ sí ọpọlọ. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní alpha-synuclein, tó ń dì pọ̀ nínú ọpọlọ àwọn alárùn náà, wọ́n ti rí i nínú iṣan ìfun pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí fún gbogbo èèyàn. Lójú tèmi, mo rántí ogún ìṣẹ́jú tí bàbá wa fi ń pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí mo wà ní pírámárì, tí ọwọ́ wọn ò tíì gbọ̀n rí.

Ìṣòro tó wà nínú èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ní irú bàbá mi nílé gbọ́. Àmì tí wọ́n máa ń ní ká ṣọ́ nípa jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni kí ìgbẹ́ yíyà èèyàn yí padà: kí ó máa le, kí ó máa pẹ́, kí inú máa kún. Lára alárùn Parkinson, ó ti yí padà látọjọ́ pípẹ́. Bí jẹjẹrẹ bá wọlé, ó ti bá ibi sá pamọ́ sí. Rírù náà ńkọ́? Parkinson máa ń mú kí èèyàn rù. Àárẹ̀? Parkinson ni. Gbogbo ohun tí ara bá sọ, orúkọ kan ṣoṣo la máa ń fi dáhùn.

Àmọ́ Parkinson fúnra rẹ̀ kì í fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgbẹ́.

Akódọ̀tí tí kò wá síṣẹ́

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀, nítorí ohun kan wà níbí tó yà mí lẹ́nu gan-an. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ ní Japan rí jíìnì kan tó jẹ́ pé bí ó bá bàjẹ́ lára ẹni láti ìbí, Parkinson lè mú un kó tó pé ogójì ọdún. Parkin ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti akódọ̀tí: ó ń sàmì sí ohun tó ti bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kí wọ́n lè kó o dànù. Bí kò bá sí, ìdọ̀tí á kún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, sẹ́ẹ̀lì náà á kú.

Lọ́dún 2010, àwọn tó ń wádìí jẹjẹrẹ rí i pé apá kan jíìnì yìí kan náà ti sọnù nínú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn jẹjẹrẹ ìfun ńlá tí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú eku tí ìfun rẹ̀ ti fẹ́ hu ẹran tẹ́lẹ̀, àìsí jíìnì náà mú kí ẹran ọ̀hún pọ̀ sí i. Akódọ̀tí kan ò wá síṣẹ́: ní orí, sẹ́ẹ̀lì kú ṣáájú àsìkò; ní ìfun, sẹ́ẹ̀lì kọ̀, kò kú nígbà tó yẹ kó kú. Irú Parkinson tí wọ́n ń bí mọ́ èèyàn yìí ò wọ́pọ̀, n kò sì ń sọ pé òun ló ń ṣe bàbá mi. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àárín àrùn méjèèjì yìí ò gún régé bí gbólóhùn tí mo fi pamọ́ ṣe ní kí ó gún.

Orúkọ tó bo ojú wa

Nílé wa, jẹ̀díjẹ̀dí ni orúkọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe ìdí. Ẹ̀jẹ̀ ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ìgbẹ́ líle ni, jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ̀yìn ń dun èèyàn, jẹ̀díjẹ̀dí ti gun ọ̀pá ẹ̀yìn. A ní ṣúgà ló ń fà á, a sì mọ ẹni tó ń ta àgbo rẹ̀ ní gbogbo ìkóríta. N kò kórìíra ewé àti egbò. Hóró wèrèpè tó ń yún èèyàn lára nínú igbó, levodopa wà nínú rẹ̀, oògùn kan náà tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi ń lò. Ewé ò ṣẹ̀ mí. Orúkọ tí a sọ nǹkan kí a tó wò ó ni mò ń bá jà.

Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí lóòótọ́. Ẹni tó ń fi wákàtí kan tiraka nílé ìgbọ̀nsẹ̀ lójoojúmọ́, iṣan ìdí rẹ̀ lè wú kí ó sì ṣẹ̀jẹ̀. Ojú lásán ni kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn baba wa ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Àmọ́ ẹni tó máa tẹ̀ lé òwe yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ̀tẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ yìí láti ọdún pípẹ́, ohun tí wọ́n sì ń rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa, ó ti pẹ́ jù kí wọ́n tó dé. Ó dunni, nítorí jẹjẹrẹ yìí kì í já lu èèyàn lójijì. Ẹran kékeré ló máa ń kọ́kọ́ hù sára ìfun, ó sì lè gbà á tó ọdún 10 kí ó tó di jẹjẹrẹ. Bí wọ́n bá tètè rí ẹran náà, wọ́n lè gé e kúrò lọ́jọ́ tí wọ́n bá rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Birmingham sọ fún mi lórí fóònù pé ìjọba fi ike kékeré kan ránṣẹ́ sí òun nílé nígbà tí òun pé 50. Kí òun fi igi inú rẹ̀ kan ìgbẹ́, kí òun dá a padà, wọ́n á wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ tí ojú ò rí. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ ní England títí èèyàn á fi pé 74. Òun àti bàbá mi, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ní Òṣogbo, ojú ìyá mi nídìí omi ìfọṣọ ni àyẹ̀wò.

Ọjọ́ tí a lọ

Mo wọlé tọ bàbá mi lọ ní alẹ́ Sátidé yẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Dádì, Màmá ti sọ fún mi. Ẹ má bá wọn jà." Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Àrùn yìí ti gba ìrísí lójú wọn, n kò lè mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ìtìjú. Wọ́n wá ní, "Àdùkẹ́, èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fọ ìdí." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Kò sí ohun mìíràn tí a sọ, àmọ́ wọ́n gbà.

Ẹni tó bá máa gbé alárùn Parkinson lọ fún àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun, ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ìfun rẹ̀ ń lọ́ra. Omi oògùn tí wọ́n fi ń fọ inú lè máà tó. Ti bàbá mi gba ọjọ́ méjì. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa lo levodopa wọn lọ́jọ́ náà, torí bí àsìkò rẹ̀ bá kọjá, ara á le gbagidi lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí èébì bá sì ń gbé wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún wọn ní metoclopramide. Oògùn èébì tó wọ́pọ̀ ni, àmọ́ ó ń dí ọ̀nà dopamine, èròjà inú ọpọlọ tí àìtó rẹ̀ jẹ́ ìdí àìsàn wọn. Wọ́n ti fà á sínú abẹ́rẹ́ tán fún bàbá mi kí n tó pariwo. Nọ́ọ̀sì náà ò mọ̀ pé Parkinson ń ṣe wọ́n; èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó bẹ̀ wá. Mo dúpẹ́ pé mo wà níbẹ̀, mo sì ń rò nípa ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò ní sí níbẹ̀.

Wọ́n rí jẹ̀díjẹ̀dí. Òótọ́ ni bàbá mi sọ. Wọ́n tún rí ẹran kékeré méjì lókè síi, níbi tí àgbo kankan ò lè ti sọ fún wa pé wọ́n wà. Wọ́n gé méjèèjì. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ irú èyí tó máa ń yí padà bí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Kò tíì yí. Dókítà ní kí a padà wá lẹ́yìn ọdún 3.

Nígbà tí a délé, ìyá mi mú bírò láti kọ ọjọ́ náà sí kàlẹ́ńdà ògiri. Bàbá mi na ọwọ́ síta. Ohùn wọn ò ju èémí lọ: "Èmi ni mo máa kọ ọ́." Ọdún náà ò sí lórí kàlẹ́ńdà, nítorí náà ìyá mi sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n yí i dojú bolẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n sì di igun rẹ̀ mú kí ó má baà yẹ̀. Ó gba bàbá mi tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi tó ti tíṣà, àwọn tó tẹ̀ lé e ń kéré sí i títí dé ìparí, ṣùgbọ́n mo lè kà á: oṣù, ọjọ́, ọdún.